Abẹ Oníwo àti Ẹsẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara mọ́ ọ̀nà tí mo gbà kọ èyí. Ìwé mi kò jìnnà, ọdún méjì péré ni mo lò lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí orúkọ àwọn oníbàárà tó fẹ́ dirun, mi ò kọ nǹkan gígùn rí. Ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ fi abẹ kan ẹsẹ̀ mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ abẹ yẹn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, agbo ilé bàbá mi ní Bẹyẹrúnkà ni à ń gbé. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rọ nítorí ẹ̀rọ ìlọta tó ní ní Bẹẹrẹ. Orí ìdúró ló máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń bá gbogbo àdúgbò lọ ata àti ẹ̀wà. Tó bá délé, á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀, á ní kí n wá bá òun tẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Iṣan ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú síta, ó lọ́ mọ́ra bí ekòló tí òjò lé jáde, ó dúdú bí aró. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń yẹ̀ lábẹ́ ìka mi bíi pé ó ní ẹ̀mí.

"Ó ń rí ọ lára, àbí?" á bi mí, á sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ tó o jẹ láàárọ̀, ẹsẹ̀ yìí ló dúró fún un."

Ẹsẹ̀ náà kì í dùn ún púpọ̀ nígbà yẹn, ó kàn máa ń wúwo ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ló kó síbẹ̀, àfi kí wọ́n fà á jáde. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá kan ní ìsàlẹ̀ Mápó tó ń fi ìwo màlúù fa ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn.

Èmi ni wọ́n ní kí n di agolo mú, agolo mílíìkì tí wọ́n bu eérú sí. Bàbá oníwo yọ abẹ láti inú fìlà rẹ̀. Inú fìlà, ẹ gbọ́! Ó nù ún lára ṣòkòtò, ó fi sín gbẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ sí ẹsẹ̀ náà, ó da ẹnu ìwo dé e, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ fà á láti ojú ihò tó wà lókè ìwo náà. Ó ń fà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó ṣí ìwo, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì bí ẹ̀dọ̀ já bọ́ sínú agolo tó wà lọ́wọ́ mi. Ó tutọ́ pupa lé e, díẹ̀ sì ta sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe dúdú!" ló wí. "Ṣé mo parọ́?"

"Ẹ ò parọ́, bàbá," ni gbogbo wọn dáhùn. Ìyàwó ilé kan tiẹ̀ na ọrùn wo inú agolo bí ẹni ń wo ọbẹ̀ lórí iná. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín fún bàbá náà, ó sì jẹ ẹ́ láìfọwọ́. Títí di òní, mi ò lè jẹ ẹ̀dọ̀.

Gbogbo ojú gbẹ́rẹ́ yẹn ló jinná àfi ọ̀kan, lókè ọrùn ẹsẹ̀ nínú. Ó kọ́kọ́ tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Nígbà tó yá, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó di egbò adáàjinná. Wọ́n tú kápúsù sí i. Wọ́n da ọ́ìlì ẹ̀rọ sí i. Ẹnì kan ní ìgbẹ́ màlúù ló máa wò ó, wọ́n sì fi ìgbẹ́ màlúù sí i. Omi ń sun lójú egbò náà tọ̀sán-tòru, òórùn rẹ̀ ń bá wa nídìí oúnjẹ. Àwọn kan náà tó na ọrùn wo agolo ló ní kí ó kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ́. Wọ́n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n ní ó ti tẹ nǹkan tí àwọn ọ̀tá gbé sílẹ̀ dè é. Kò sẹ́ni tó dárúkọ abẹ.

Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Màá di imú láti ẹnu ọ̀nà, màá gbé abọ́ kalẹ̀, màá sá. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí padà.

"Di imú yẹn dáadáa," ó ní. "Ó ń jò láàárín ìka rẹ."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Èmi náà ì bá sá fún un, àmọ́ èmi ni mo ni ín." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Jókòó tì mí. Eṣinṣin nìkan ló ń wá kí mi nílé yìí."

Mi ò jókòó. Mo ní ìyá mi ń pè mí. Irọ́ ni.

Nígbà tó burú tán, bàbá mi gbé e lọ sí ọsibítù, èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tú aṣọ orí egbò náà kò di imú. Ó kàn bèèrè pé, "Ta ló fi abẹ kan ẹsẹ̀ yìí?" Bàbá mi ń wo òrùlé.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ni, torí ó dúdú," bàbá mi sọ níkẹyìn.

"Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà lọ sí ọkàn máa ń dúdú lára gbogbo èèyàn, sà, lára ẹ̀yin náà. Iṣan tó yẹ kó gbé e gòkè ló ti dẹ̀, òun ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn padà sísàlẹ̀, tó ń dúró síbẹ̀."

Ó fọ egbò náà, ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà le dáadáa láti ìka dé orúnkún, ó ní kó máa gbé e sókè tó bá jókòó. Ẹ gbà mí gbọ́, egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ní báńdéèjì ló ń sé ìdọ̀tí mọ́ inú, pé egbò ń fẹ́ atẹ́gùn. Wọ́n tú u dànù, wọ́n tún padà sí kápúsù. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ló kú sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn tó ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀ ló sunkún jù. Ẹkún yẹn rí mi lára ju egbò náà lọ.

Ayé ti yí padà báyìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Èmi náà ti di ìyàwó ilé ní Ìdí-Arère. Orí ìdúró ni mo ti ń dirun fún èèyàn, nígbà tí mo sì bí ọmọ kejì, iṣan ẹsẹ̀ òsì mi yọ síta. Mo ń fi ẹ̀wù gígùn bò ó, kódà ọkọ mi kò tíì rí i dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ká ẹ̀wù sókè láti wẹ ọmọ, ìyá ọkọ mi sì rí i.

"Háà! Ìyàwó mi, ẹ̀jẹ̀ burúkú rèé! Má dààmú, mo mọ ẹni tó máa fà á. Ọ̀la ló máa wá."

Màmá fi fídíò ẹni náà hàn mí lórí fóònù wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ aṣọ funfun àti ìbọ̀wọ́. Kò sí ìwo, ife rọ́bà ni, kò sì fẹnu fà á. "Ṣé o rí i bó ṣe mọ́ tónítóní?" ni màmá wí. Mo rí i. Mo sì rí abẹ. Nígbà tí ife náà kún, ọkùnrin inú fídíò náà gbé e sókè síwájú wa, ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe dúdú!" Mo yí ojú kúrò lórí fóònù. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ìyá ọkọ mi jiyàn, torí inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí màmá wà lórí ìrun, mo pọn ọmọ, mo rọra ṣí ilẹ̀kùn, mo wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Gbogbo èèyàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wò mí. Mo bá tẹ̀ba, mo ká ẹ̀wù mi sókè dé orúnkún.