Ìríjú Tó Ti Kànga Pa

Nígbà tí mo gbẹ́ kànga ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀fà, mo gbẹ́ ẹ jìn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn ọbẹ̀ àwọn tó ń gbé abẹ́ ayé. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kígbe sí mi pé, "Bàbá, ẹ rọra o, iyẹ̀pẹ̀ yín ń já sínú ìkòkò mi!" Ìyàwó mi ní irọ́ ni, ó ní agbẹ́kànga láti Ìjagbò ló gbẹ́ ẹ, pé okùn lásán ni èmi dì mú. Ẹ fi í sílẹ̀. Òun náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá le. Àwọn kànga àdúgbò gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku tiwa. Láràárọ̀ làwọn aládùúgbò ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Alhaja tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ló máa ń ṣáájú, torí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, aṣọ ìkókó ò sì í tán ní fífọ̀. Mo yọjú wo inú kànga lọ́jọ́ kan, mo rí i pé omi ti sá lọ sísàlẹ̀. Bí tiwa náà bá gbẹ kí òjò tó dé, kí la máa mu?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ wa wàásù pé Ọlọ́run ló ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wa, ìríjú lásán ni wá. Ìwé kẹta ni mo kà dé, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìríjú. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí, ó ní, "Sítúwáàdì ni."

Háà! Ṣebí bàbá mi ṣe sítúwáàdì nílé òyìnbó rélùwéè kan nígbà tí mo wà ní kékeré! Kọ́kọ́rọ́ yàrá ṣúgà kì í kúrò ní bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ìdí rẹ̀. Eṣinṣin ò gbọdọ̀ tọ́ ṣúgà yẹn wò. Ó wá yé mi yékéyéké: Olúwa ní kí n lọ ti kànga pa. Kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti ra àgádágodo, mo fi ti ìdérí páànù mọ́ ọn.

Alhaja dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Daddy, ẹ káàárọ̀ o. Kí ló dé tí kànga fi dé fìlà?"

"Alhaja, ìríjú ni mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ṣé ó ń dùn yín gan-an?"

Ìyàwó mi ti gbọ́. Ó jáde, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un látòkèdélẹ̀.

"Bàbá wọn," ó ní, "ṣé ilẹ̀kùn nìkan ni bàbá yín ń tì?"

"Rárá. Ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fáwọn ará ilé pẹ̀lú."

"Tó bá tilẹ̀kùn, tí kò gbé oúnjẹ kalẹ̀ ńkọ́?"

"Òyìnbó á lé e dànù."

"Ẹ ṣeun. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alhaja nínú eruku, mo sì fi ọwọ́ ara mi pọnmi kún kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé ìyàwó mi ṣí kànga fún ìnákúnàá o. Ó so àkísà pupa mọ́ okùn ìfami. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni fún ilé kan láàárọ̀. Bí okùn bá lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àkísà fi kan etí kànga, gbogbo wa dúró nìyẹn, kí omi sinmi, kó tún sun. Omi tó fi ṣan ìrẹsì ló ń fi rin tẹ̀tẹ̀. Inú ọpọ́n ńlá la ti ń wẹ̀, omi ìwẹ̀ náà la sì ń dà sí ilé ìgbẹ́. Bí mo bá bu omi lé díẹ̀, á wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ikọ́ yẹn ò ní oògùn. Mo ti rí àwọn tó mọ àdúrà òjò gbà, àmọ́ mi ò tíì rí ẹlòmíì tó ń fọwọ́ gbé igbá omi bí ẹni gbé orí ìkókó.

Nígbà tí òjò wá rọ̀, korobá ṣì ń bá omi nínú kànga wa. Alhaja ṣàdúrà fún ìyàwó mi, ìyàwó mi ní, "Àmín, ti Ọlọ́run ni, kì í ṣe tèmi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti parọ́. Mi ò dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja, mi ò sì pọn ẹ̀kán omi kan. Ojú ló tì mí. Mo ju kọ́kọ́rọ́ sórí ìdérí, mo wọlé, mo ń yọjú lójú fèrèsé. Ìyàwó mi ló pọnmi yẹn, òun náà ló sì bá mi bẹ Alhaja.