Bàbá Tí Ìdákẹ́jẹ́ Ń Bà Lẹ́rù

Nígbà tí mo wà ní kékeré lábúlé wa nítòsí Akínyẹlé, bàbá arúgbó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata. Ariwo ẹ̀rọ yẹn a máa dí èèyàn létí, ṣùgbọ́n bàbá kò ráhùn rí. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá yìí bá ọkọ̀ ojú omi dé Lọ́ńdọ̀nù nígbà ogun àgbáyé kejì. Wọ́n ní bọ́ǹbù kan wà nígbà náà tó ní apá bíi ti ọkọ̀ òfuurufú, tó ń fò láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, tó ń kùn bí alùpùpù tó ti gbó. Àwọn sójà fi ìbọn ńlá dúró dè é létí òkun, wọ́n sì fi okùn irin so bàlúùnù ràgàjì sójú ọ̀run kó lè kọ́ ọ lápá. Síbẹ̀, àwọn bọ́ǹbù kan ń yọ́ wọlé.

"Tó bá ṣì ń kùn, ó ń kọjá lọ ni," bàbá a máa wí fún wa. "Tó bá ti dákẹ́, orí yín ló ń bọ̀."

Lọ́jọ́ tí ọ̀kan dákẹ́, ọmọ onílé wọn dúró lójú fèrèsé. Bàbá sáré sí i, ọwọ́ wọn ò tó o kí bọ́ǹbù tó balẹ̀ pa á.

Nítorí náà, ìyá tó ni ẹ̀rọ ata kì í ṣàdédé pa á. Á kọ́kọ́ ké pé, "Bàbá, mo fẹ́ pa á o!" Ìgbà tí bàbá bá ní kó pa á ló tó ń pa á. Gbogbo abúlé ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kan láyé ìjọba ológun, epo wọ́n bí ojú. Mo gbé ata lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, epo sì tán nínú ẹ̀rọ lójijì. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Kí ìyá tó lanu, bàbá ti fò dìde lórí àpótí, wọ́n ti bò mí mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ wọn, títí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń kérora. Eegun itan wọn ti kán.

"Bàbá, epo ló tán o, epo lásán ni!" Ìyá ẹ̀rọ ń sunkún.

Èmi ni bàbá ń wò. "Ṣé o ò fara pa?"

"Mi ò fara pa, bàbá."

Inú wọn dùn, mo rí i lójú wọn. Wọn ò fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì pẹ́ tí a fi sin wọ́n. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ayé ti yí padà. Orí fóònù lẹ ti ń wo bọ́ǹbù tó ń fò báyìí, ẹ ó máa jẹ gúgúrú lọ ní tiyín. Tí wọ́n bá kéde lórí rédíò pé ogun kan ti parí níbì kan, ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí inú mi ò dùn. Ogun tó pa bàbá yẹn ti parí kí wọ́n tó bí ìyá mi.