Ológbò Tí Ìyàwó Bàbá Mi Mú Wá sí Komah

Nígbà tí bàbá mi sọ fún mi pé òun fẹ́ gbé ìyàwó, ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti kú. Èmi àti òun nìkan ló kù nínú ilé wa ní àdúgbò Komah, ní ìlú Sokodé. Bàbá, ọmọ Ìlọrin tó wá tẹ̀dó síbẹ̀, ń ta àgbàdo àti ẹ̀pà, èmi ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí a bá ní ká ka ẹnì kẹta, ológbò bàbá ni, abo arúgbó kan tí irun rẹ̀ pọ́n bí epo tó dì, tí etí rẹ̀ kan sì ti ya. Òun ló ń ṣọ́ yàrá tí àpò ọkà wà. Bí bàbá bá ń kírun, ẹ̀gbẹ́ awọ àgbò tó ń kírun lé ni yóò lọ jókòó sí, ẹnikẹ́ni kì í lé e.

Ará Kambolé ni obìnrin tí bàbá fẹ́. Opó ni, ó ń ta ilá gbígbẹ àti ẹ̀gúsí, ibi tí bàbá ti ń ra àgbàdo ni wọ́n ti mọ ara wọn. Wọ́n ti so yìgì níbẹ̀, ó ku ká lọ mú un wá sílé. Àmọ́ ẹrù ń bọ̀ wá bá bàbá lọ́sẹ̀ náà, kò lè kúrò nídìí rẹ̀, ló bá ní kí n lọ bá òun mú un wá.

Nígbà tí mo dé Kambolé, ó ti di ìkòkò àti ẹní rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó gbé jáde kẹ́yìn ni agbọ̀n kan tó fi okùn so ìdérí rẹ̀. Nǹkan kan ké nínú rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ kó síbẹ̀?"

"Ológbò mi ni. Bago ni wọ́n ti fún mi nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì là dáadáa. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé bí n ó bá wá, a jọ ń bọ̀ ni."

Bàbá kò sọ ìyẹn fún mi. Mo ní, "Ìyá, a ní ọ̀kan nílé, kò sì fẹ́ràn àlejò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ràn àlejò tó gbé ẹní wá?"

Ọkọ̀ akẹ́rù tí a wọ̀ dúró ní Tchamba, níwájú ibi tí àwọn gáàdì ti ń yẹ ẹrù wò. Gáàdì kan tó dé fìlà pupa gbọ́ igbe nínú agbọ̀n, ó sì bi mí ní Faransé pé kí ló wà níbẹ̀.

"Un chat, chef," ni mo dá a lóhùn, pé ológbò ni, ọ̀gá.

Kò gbà mí gbọ́. Bóyá ó rò pé ẹran ìgbẹ́ la fi pamọ́. Ó tú okùn náà, ó ṣí ìdérí, ológbò sì fò gba orí fìlà rẹ̀ kọjá, ó di orí ọkọ̀. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò pariwo, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ó jókòó sórí àpò iṣu, ó tú ẹja gbígbẹ láti ìdí aṣọ rẹ̀, ó ń rún un díẹ̀díẹ̀, ó ń pè é ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Músù, músù," bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Ológbò sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Gáàdì yẹn fúnra rẹ̀ ló bá wa di ìdérí mú tí a fi so ó.

Nígbà tí a dé Komah, bàbá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ológbò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ẹranko náà ti gbóòórùn agbọ̀n, gbogbo ara rẹ̀ dìde, ìrù rẹ̀ wú bí ṣírí ọkà bàbà, ó sì ń kùn. Ìyá kúnlẹ̀ kí bàbá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí ológbò pẹ̀lú. "Ẹ kúulé o, onílé." Ó gbé agbọ̀n wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wọn kò gbọdọ̀ rí ara wọn lónìí," ó sọ fún wa. "Imú ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ara wọn."

Ó bu iyanrìn sínú àpáàdì kan sí igun yàrá fún ológbò rẹ̀. Ó fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò náà, ó ní kí ó lè jókòó máa lá a, kí ó má ráyè ronú Kambolé. Ó ya ògbólógbòó aṣọ kan sí méjì, ó tẹ́ ìdajì sábẹ́ tirẹ̀, ó tẹ́ ìdajì sórí àpò tí ológbò bàbá ń sùn lé, ní ọjọ́ kejì ó wá pààrọ̀ wọn. Ológbò bàbá gbóòórùn aṣọ náà, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ bí ẹni tó ń bo ìgbẹ́.

"Ó ti fèsì," Ìyá wí.

Ni bàbá bá mirí. "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ tèmi tìrẹ kò pẹ́ tó báyìí kó tó yanjú. Ológbò la wá ń bẹ̀?"

Sùúrù rẹ̀ tán ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó ti mọ́sálásí dé nínú aṣọ funfun tí mo fi sítáàṣì lọ̀ fún un, inú rẹ̀ ń dùn. Ìyá wà ní ìdáná. Mo rí i tí bàbá ṣí ilẹ̀kùn yàrá, tó gbé ológbò àlejò mọ́ àyà, tó sì gbé e sílẹ̀ níwájú tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kí ara yín," ó ní, "kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

N kò mọ èyí tó kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n wé mọ́ra wọn, wọ́n gba abẹ́ ẹ̀rọ mi, wọ́n fa òwú mi kiri ilé, wọ́n da kẹ́tù omi àlùwàlá nù. Bàbá ní òun yóò là wọ́n, ọ̀kan gun un láyà kọjá. Ológbò àlejò sá padà sábẹ́ ibùsùn. Ológbò wa fo ògiri, ó gun igi máńgòrò aládùúgbò. Bàbá dúró láàárín ilé, ọwọ́ aṣọ rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá jáde tòun ti orógùn lọ́wọ́. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ìjà àkọ́kọ́ wọn ti dé nìyẹn.

"Ẹ gbé ọwọ́ wá kí n bá yín wẹ̀ ẹ́," ló sọ. Nígbà tó wẹ̀ ẹ́ tán, ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Abẹ́ igi máńgòrò ni bàbá wà títí àsìkò alásárì, ó ń pe ológbò rẹ̀, ológbò ń wo ibòmíràn. Aládùúgbò wa, obìnrin Kotokoli kan tó máa ń bá bàbá ṣe ẹ̀fẹ̀, bi í léèrè ohun tó fi ṣe ìyáálé rẹ̀ tó fi kọ̀ ọ́ báyìí. Ìgbẹ̀yìn, Ìyá ló lọ gbé àwo ẹja sí ìdí igi náà, ó kẹ̀yìn sí i, ó jókòó. Kò pè é, kò wò ó. Ológbò sọ̀ kalẹ̀, ó jẹun.

Alẹ́ kò tíì lẹ́ tí Ìyá fi sọ fún bàbá bí a ó ti ṣe é. "Onílé ni ká máa kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, òun ni ká máa kọ́kọ́ kí. Àmọ́ èmi ni n ó máa bọ́ tiyín, kí ẹ̀yin máa bọ́ tèmi."

"Tèmi kò ní mọ̀ mí mọ́."

"Yóò mọ̀ yín. Ta ni kì í mọ ẹni tó fún un lẹ́ja rí?"

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi, tí kì í lóṣòó níwájú ẹnikẹ́ni, ṣe wá ń lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá ní àràárọ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Láti ìdí ẹ̀rọ mi ni mo ti ń gbọ́ tó ń bá ológbò tó wà lábẹ́ ibùsùn sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún un bí òjò ṣe ń falẹ̀ lọ́dún yẹn, àti bí àwọn oníbàárà ṣe ń dà á láàmú. Ìyá ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ológbò òun kò gbọ́ Yorùbá Ìlọrin. Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ológbò náà ń jáde wá jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ́tí.

Ìyá wá ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó fi ẹní kọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwo kan ń bẹ níhìn-ín, àwo kan ń bẹ lọ́hùn-ún, a sì ń sún wọn mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ń kùn ju bí wọ́n ti ń jẹun lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ funfun kékeré kan yọ jáde lábẹ́ ẹní. Ológbò bàbá gbá a, kò yọ èékánná.

"Ẹ má sọ̀rọ̀," Ìyá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wa.

Òjò ló parí rẹ̀. Ó dé tòun ti ìjì ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ṣí apá kan òrùlé yàrá ọkà, àwa mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kó àpò wá sí pálọ̀. Kò sẹ́ni tó ráyè rántí ẹní tàbí ilẹ̀kùn. Nígbà tí a kó o tán, tí gbogbo wa rin gbingbin, bàbá ní níbo làwọn ológbò wà.

Orí àpò tí a tò jọ ni wọ́n wà, ibi gbígbẹ kan ṣoṣo nínú ilé. Èyí àgbà wà lókè, àbúrò wà nísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Èyí àgbà ń kùn bí ẹni tó ń hanrun, àmọ́ kò dìde. Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá sì na ọwọ́ rẹ̀ tó tutù, ó fi bò ó lẹ́nu. Bàbá gbà fún un. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, n kò rí ẹni tó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mo wábi gbé ojú mi sí, mo lọ wá aṣọ gbígbẹ fún wọn.

N kò ní purọ́ pé wọ́n di ọ̀rẹ́. Bí ẹja bá pẹ́ dé, èyí àgbà yóò gbá àbúrò létí. Àmọ́ wọ́n pín yàrá ọkà ṣọ́, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lẹ́yìn àpò, àwọn eku sì kó lọ sílé ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ ní Tchamba, eku ń jẹ wá níṣu gan-an. Mo wálé wá tọrọ èyí àbúrò lọ́wọ́ Ìyá. Ó ti gbà fún mi, bàbá ló kọ̀.

"Èyí àgbà yóò máa wá a kiri," ó ní. "Ọmọ mi, wá ológbò tìrẹ."

Ìyá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo padà sí Tchamba, mo sì gba ọmọ ológbò kan lọ́dọ̀ obìnrin ará Koussountou tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa.