Aṣọ Ọyẹ́ Ẹnu Ọ̀nà Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti na ọrùn kí n tó rí orí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, yàrá méjì là ń gbé ní Àgbowó. Láti Èkìtì ni àwọn òbí mi ti wá. Tíṣà ni bàbá mi, aránṣọ sì ni ìyá mi. Iṣẹ́ mónógíráàmù ni wọ́n fi gbayì jù ládùúgbò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ òdòdó sí ọrùn bùbá, tàbí kí wọ́n kọ orúkọ sí etí aṣọ tábìlì. Èmi Fúnkẹ́, àkọ́bí wọn, ni mo ń ká òwú sí bọ́bìnnì, èmi náà ni mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ láìgbàṣẹ, ìkúnlẹ̀ ni, apá méjèèjì lókè, títí ẹ̀wà orí iná yóò fi jinná. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ bí ẹ̀wà ìgbà náà ṣe máa ń pẹ́ jinná tó lórí sítóòfù.

Dáre ni àbúrò mi. Ó ní àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní síkùlù, tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè gbogbo wa ń là, tí eruku ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ìyá mi á fi òrí pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, òórùn òrí á gba gbogbo yàrá kan. Bí ó bá ti gbé oògùn rẹ̀ mì, á mi orí sókè sódò bí alángbá, bàbá mi á sì rẹ́rìn-ín: "Alángbá tó já láti orí ìrókò, ó ní bí ẹnìkan ò yin òun, òun ó yin ara òun." Dáre fẹ́ràn alángbá. Bí àwa yòókù bá ń fò súwè lágbàlá, orí àga lòun á wà, á máa wo alángbá olórí pupa lára ògiri.

A kì í sọ àìsàn náà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà yẹn, bí ará ilé bá gbọ́, wọ́n á ní àbíkú ni, tàbí kí wọ́n ní nǹkan kan wà nínú ẹbí yín. "Ibà ni" là ń dá wọn lóhùn. Kúbùsù ni ìyá mi kọ́kọ́ ń ta sí ẹnu ọ̀nà lásìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tí kò ní béèrè pé ta ló ń ṣàìsàn.

Ni ìyá mi bá dá ọgbọ́n kan. Bí Kérésìmesì ọdún kan ṣe ń bọ̀, wọ́n ra aṣọ funfun àti pupa. Wọ́n yọ irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n na aṣọ funfun sínú férémù róbótó, wọ́n wá ń fi ọwọ́ méjèèjì darí rẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Báyìí ni ìràwọ̀ ṣe jáde, tí ibùjẹ ẹran jáde, tí òdòdó pupa yí gbogbo rẹ̀ ká. Dáre ní òun fẹ́ alángbá. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ ibùjẹ ẹran, orí rẹ̀ pupa. Lẹ́yìn náà, wọ́n ki kúbùsù sáàárín aṣọ méjèèjì, wọ́n gán wọn pọ̀, wọ́n sì rán an ní ìlà ìlà títí tó fi nípọn bí ẹní. A gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà. Eruku kò rí ọ̀nà wọlé, Dáre sùn, kò sì sí ẹni tó béèrè nǹkan kan mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń yìn ín.

Ìyìn yẹn ló kó bá wa. Bí ọyẹ́ ọdún kejì ṣe bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìjọ wá kí wa láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ náà.

"Ìyá Fúnkẹ́, ẹ̀ẹ̀! Irú èyí sì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá? Iwájú pẹpẹ ló yẹ ẹ́! Alángbá yìí nìkan lẹ máa tú. Kò sí alángbá ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù."

Ìyá mi wo bàbá mi. Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná, mà."

Bàbá mi, tí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, yára fèsì kí Ìyá Ìjọ má baà béèrè ìdí. "A kì í ní kí Ọlọ́run dúró de ọyẹ́," ni wọ́n wí. Ojú ń tì wọ́n. Gbólóhùn kan ni ì bá gba aṣọ yẹn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́.

Ìyá mi fi abẹ tú alángbá náà lọ́jọ́ kejì. Dáre jókòó tì wọ́n. "Màámi, ta ló sọ fún wọn pé kò sí alángbá ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù?" Ìyá mi fa òwú tó kù yọ, wọ́n sì ká aṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìrora egungun gbé Dáre ṣánlẹ̀, ẹkún kò jẹ́ kó lè mí. Epo ọkọ̀ wọ́n gógó nígbà náà, ọkọ̀ kò sí. Bàbá mi gbé e pọ̀n sẹ́yìn wọn dé títì, ọkọ̀ kan tó kó iṣu bọ̀ láti Mọ́níyà ló gbé wọn dé ọsibítù. Dáre kò padà wálé mọ́. Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ bóyá aṣọ lè gba ẹ̀mí là. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú bí mi sí Ìyá Ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin tó sunkún ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà tó gbọ́. Ibà la sọ fún òun náà pé ó pa á.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ náà wà níwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ ń kọrin. Ìyá mi tẹ orí mọ́lẹ̀ títí a fi jáde.

Ayé ti yí padà. Lóde òní, kí ọ̀dọ́ méjì tó fẹ́ra, ṣọ́ọ̀ṣì á ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn ọmọ mi ń dárúkọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn láìmikàn, ojú fèrèsé yàrá wọn sì ń pa dé pinpin. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ òdòdó sára aṣọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa dákẹ́, a sì sin tiwa.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ra òdòdó oníke ní Dùgbẹ̀ sí iwájú pẹpẹ, wọ́n sì dá aṣọ náà padà fún ìyá mi nínú ọ̀rá. Ojú ìyá mi kò ríran dáadáa mọ́. Mo tẹ́ ẹ lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lọ títí wọ́n fi dé abẹ́ ibùjẹ ẹran, ìka wọn sì dúró. Ihò tí abẹ́rẹ́ alángbá fi sílẹ̀ kò tíì dí. Wọ́n tọ ìrù, wọ́n tọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n dé orí.

"Fúnkẹ́," ni wọ́n wí, "ki òwú pupa bọ abẹ́rẹ́ fún mi."

Mo dìde, mo lọ wá òwú.