Àdúrà Ló Kún Fóònù Mi

Mo parọ́ fún àbúrò ìyàwó mi ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Nígbà tí ìyàwó mi wà lórí àìsàn tó pa á, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù mi fún Bísí, àbúrò rẹ̀. Ó ní kí n fi ránṣẹ́. Èmi àti Bísí ń jà nígbà náà, n kò fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bísí bèèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní rárá.

Láàárọ̀ yìí, fóònù àtijọ́ náà ní mẹ́mórì òun ti kún. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún.

"Bàbá, kí lẹ kó síbí?"

"Àdúrà ni. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi àwòrán àdúrà ránṣẹ́ ní gúrúùpù ìjọ wa. Ta ló máa pa àdúrà rẹ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ṣe àmín, àbí? Ó ti gbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n pa wọ́n rẹ́ jàre."

Ó yà mí lẹ́nu bí àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ àdúrà sí ṣe ń gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Ó wá kan ohùn ìyàwó mi.

"Èyí kéré gan-an, kò gba àyè kankan. Ṣé kó lọ?"

"Má fọwọ́ kàn án!"

Kò gba àyè kankan, ohun tó ti ń wúwo lọ́kàn mi láti ọjọ́ yìí!

Ibẹ̀ ni mo ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Bísí, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Tìrẹ ni. Èmi ni mo fi pamọ́. Dárí jì mí."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ló wà nínú fóònù yín tí kì í ṣe tiyín?