Antí Uju àti Àmì Orí Ọ̀rọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ tí mo bá jókòó lórí àga, Achara Layout ní Enugu là ń gbé. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi ń ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà níbẹ̀, ẹ ò ní gbàgbé ọ̀kpá òwúrọ̀, oúnjẹ Ígbò tó jọ mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n bá tú ewé rẹ̀ tí ooru fẹ́ sí wa lójú, tí epo pupa ń dán lára rẹ̀. Ẹ ò sì ní gbàgbé omi. Kẹ́ẹ̀gì méjì-méjì la máa ń gbé ká tó lọ sílé ìwé, torí ìgbà tó bá wu ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ló máa ń yọ.

Ígbò, Gẹ̀ẹ́sì àti pijini ni mo gbọ́ dáadáa nígbà náà. Yorùbá ńkọ́? Yorùbá ni èdè tí bàbá àti ìyá mi fi ń ṣòfófó àwọn ará ilé kejì, kí n má baà gbọ́. "A ó kọ́ ọ, a ó kọ́ ọ," ni wọ́n ń wí, títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọdún yẹn ni ìyá bàbá mi wá kí wa láti Ìkirè. Mo sáré jáde, mo dì mọ́ ọn, mo ní, "Mama, you don come!" Ha! Ìyá àgbà wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún. Ọjọ́ mẹ́ta tó lò, ńṣe la kàn ń wo ara wa lẹ́nu. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún bàbá mi, bàbá mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé, "Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí o ò bá lè bá òun sọ̀rọ̀ nígbà náà, òun á mú ọ lọ sí Ìkirè, kí o lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun." Ẹ̀rín ni bàbá mi ń rín. Èmi ò rẹ́rìn-ín rárá. Kí ni mo mọ̀ ní Ìkirè? Ta ni mo fẹ́ bá ṣeré ten-ten níbẹ̀?

Ọ̀kpá ló kó mi yọ. Ilé ìkàwé ilé ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní láíbìrì, wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, Antí Uju ló sì ń tọ́jú ìwé ibẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń lo awò ojú ni. Kó tó jẹ́ kó o wọlé, á kọ́kọ́ gbóòórùn ìka rẹ. Lọ́jọ́ kan, ó ní mo ti jẹ ọ̀kpá. Mo jiyàn. Ó fi ibi tí ìka mi ti tẹ èèpo ìwé kan hàn mí, pupa fòò. Ìyà tó fi jẹ mí ni pé kí n nu gbogbo pẹpẹ ìsàlẹ̀, ẹ sì mọ eruku pupa Enugu nígbà ọyẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé Yorùbá kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo láíbìrì náà. Àgùnbánirọ̀ kan ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Ìwé ọmọdé ni, ìtàn ewúrẹ́ àti àgùntàn tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò.

Mo ro ẹjọ́ ìyá àgbà fún Antí Uju. Obìnrin yìí ò gbọ́ Yorùbá, kò tilẹ̀ gbọ́ "ẹ káàárọ̀". Síbẹ̀ ó ní kí n jókòó, kí n kà á sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó dá mi dúró, ó ní kí ni àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Mo ní ọ̀ṣọ́ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí mo gbọ́ Ígbò, ṣé mi ò mọ̀ pé akwa lè jẹ́ ẹyin, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ ẹkún, bí èèyàn bá ṣe gbé ohùn rẹ̀ ni? "Lọ bi bàbá rẹ léèrè èyí tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀," ló wí, "kí o wá kọ́ èmi náà."

Kí èmi wá kọ́ àǹtí! Orí mi wú. Bí bàbá mi ṣe ti ibi iṣẹ́ dé ni mo ká a mọ́ orí àga, ó sì fi ìfé sísú kọ́ mi: igba, igbá, ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òun náà ni mò ń bi. Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni mo wá ń kàwé fún Antí Uju. Kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ etí rẹ̀ mú. Á ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn, o gbé e sókè lójú ìwé tó kọjá. Kí ló dé tó fi wálẹ̀ níbí?" Màá tún un kà. Nígbà tí ọdún fi máa yí, mo ti ka ìwé náà débi pé mo lè fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bú èèyàn.

Ìyá àgbà dé. Mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu: "Ìyá àgbà, o káàbọ̀! Ṣé o rìn dáadáa? Wá jókòó, kí o mu omi."

Ìyá mi káwọ́ lérí. Bàbá mi ní, "Yéè!" Ohùn mi ò yẹ̀ níbì kan o, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ara wọn ni ewúrẹ́ àti àgùntàn, "o" ni wọ́n ń sọ síra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dópin. Kò sí àgbàlagbà kankan nínú rẹ̀. Antí Uju ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Mo wojú ìyá àgbà, mo ti ń di ẹrù Ìkirè nínú ọkàn mi.

Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo sọ fún un. Ó ní irọ́ ni, Ígbò wo ló ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ká jọ lọ síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a lọ. Ìyá àgbà kí Antí Uju ní Yorùbá, Antí Uju dáhùn ní Ígbò, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, èmi wà láàárín, mò ń túmọ̀. Wọ́n wá ní kí n kàwé. Bí mo bá ti kan "o" kan, ìyá àgbà á lu tábìlì: "Tó bá jẹ́ èmi lò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ ni!" Nígbà tó yá, Antí Uju náà ti ń lu tábìlì. Ìyá àgbà tú dòdò Ìkirè tó gbé wá, ó bù ú fún un, Antí Uju sì jẹ ẹ́ nínú láíbìrì, ó ń pọ́n ìka lá. Ẹ gbà mí o!

Nígbà tí ìyá àgbà ń lọ, bàbá mi bi í bóyá ó ń mú mi lọ. Ó ní, "Bí mo bá mú un lọ, ta ni yóò máa kàwé fún ìyá yẹn?" Ọdún mẹ́rin sí i ló lò láyé. Gbogbo ìgbà tó bá wá, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu èmi àti ẹ̀. Òun ló sọ fún mi bí bàbá mi ṣe ń tọ̀ sórí ẹní títí ó fi wọlé ìwé.

Ní báyìí, Trans-Ekulu, ní Enugu kan náà, ni mò ń gbé. Ilé ìwé àwọn ọmọ mi dára ju tiwa lọ fíìfíì. Ìwé inú láíbìrì wọn tò rẹrẹ lẹ́yìn gíláàsì, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí olùtọ́jú ìwé. Bí ìyá mi bá pè wọ́n lórí fóònù, "Hello, Grandma" ni, ó parí. Ẹ̀bi mi ni, mo mọ̀. Èmi náà ti ń wí pé a ó kọ́ wọn.

Nípàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá, mo ní kí wọ́n gba olùtọ́jú ìwé. Bàbá kan dìde, ó ní nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà lórí fóònù, kí gan-an ni olùtọ́jú ìwé ń ṣe. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo ti to ọ̀rọ̀ gidi sílẹ̀ látilé, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Sà, èmi àti ìyá bàbá mi ò gbọ́ ara wa. Obìnrin kan tí kò gbọ́ èdè wa jókòó tì mí fún odidi ọdún kan, ó ń tẹ́tí sí mi, títí a fi gbọ́ ara wa. Ohun tó ń ṣe nìyẹn, sà."