Ewúrẹ́ Tó Ń Pa Ọkọ Mi Lẹ́kún

Fídà ló kọ́kọ́ jábọ́. Àárọ̀ ni, mò ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìgàndò, ọkọ mi sì jókòó sórí àpótí, ó ń fún ọmọ ewúrẹ́ kan ní mílíìkì bó ṣe máa ń ṣe kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi di fídà náà mú. Mo rí i tó bọ́, mílíìkì ń dà sí yẹ̀pẹ̀, ewúrẹ́ ń ké, ọkùnrin yìí ò sì wo ilẹ̀ rárá. Mo ní, "Bàbá Ṣèyí, ṣé o ò rí i pé o ti da mílíìkì nù ni?" Ó fẹ́ dá mi lóhùn, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ tó jáde ò ní orí, kò ní ìdí.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí a ti jà lórí ewúrẹ́ yẹn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kí n tètè sọ ọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ìrírí yìí: òjòwú ni mí, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà ló pa ìyá ewúrẹ́ náà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Ọkọ mi gbé ọmọ rẹ̀ wálé nínú báàgì iṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Ọkùnrin tí kò sunkún níbi ìsìnkú bàbá tó bí i lọ́mọ. Ó wá sọ ewúrẹ́ ní Àdùnní. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè mí láti ìgbà tá a ti ń fẹ́ra. Ẹ wá sọ fún mi, ewúrẹ́ wo ló ń jẹ́ oríkì obìnrin nínú ilé tí obìnrin wà?

Nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ náà ò gbéra mọ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Aládùúgbò wa, Ìyá Bísí, ti gbé omi àti epo pupa dé. Mo kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: tí ẹnu èèyàn bá wọ́ lójijì, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lọ́fun. Ọ̀fun náà lè ti rọ, ohun tẹ́ ẹ rọ lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé tiwa.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí àwọn ẹbí ti ń dúró, mo di bàtà rẹ̀ mú. Obìnrin kan tó jókòó tì mí bu búrẹ́dì rẹ̀ fún mi, mo gbà á, mi ò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ti dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sápá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló sì ń darí apá òsì ara, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì fi rọ. Ó ní ẹ̀mí rẹ̀ ò ní bọ́. Mo ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀.

Ilé ni iṣẹ́ wà. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, mò ń fi òrí pa ọwọ́ tó rọ. Èjìká òsì máa ń ro ó débi pé á máa kérora lójú oorun. Mo ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun ní Ìkọ̀tún pa. Apá òsì rẹ̀ ni mò ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí ibẹ̀ ni àìsàn wà. Yàtọ̀ síyẹn, apá òsì ni ipò mi. Ibẹ̀ ni wọ́n mú mi dúró sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ibẹ̀ ni mò ń sùn. Nínú ìjọ wa pàápàá, bá a bá wọ sùtánà funfun wa wọlé, àwọn ọkùnrin á gba ọ̀tún, àwa obìnrin á gba òsì.

Ọkọ mi ò wò mí. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á kọjú sí ọ̀tún, níbi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wà, á dáhùn sọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já gaara díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Bí mo bá gbé ẹ̀bà fún un, á jẹ apá kan àwo, á fi apá kejì sílẹ̀ tẹran tẹran, á tún ní òun ò yó. Mo ní àṣé oúnjẹ mi pàápàá ti di ohun tí wọ́n ń kọ̀. Ṣùgbọ́n tí Àdùnní bá ti ti orí bọ ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, ojú ọkọ mi á là. Ewúrẹ́ á gbé àgbọ̀n lé e lórókún, á máa mí sí i lọ́wọ́, omi á sì máa dà lójú ọkùnrin náà. Á ní, "Àdùnní, o wá wò mí." Èmi tí mò ń da ìgbẹ́ rẹ̀ nù ńkọ́? Tó bá jẹ́ obìnrin ló gbà á lọ́wọ́ mi, mo mọ ohun tí màá fojú rẹ̀ rí. Kí lèèyàn fẹ́ bá ewúrẹ́ fà?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni pé bóyá kò mọ̀ mí mọ́. Tàbí ó mọ̀ mí, kò kàn fẹ́ mi mọ́. Látọjọ́ tí àìsàn ti dé, kò pe Àbẹ̀kẹ́ rí. Ìyá Bísí ní, "Àìsàn ni jàre, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo ní àìsàn wo ló ń mọ ewúrẹ́ tí kò mọ ìyàwó? Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Àgbàdo pé kó wá mú Àdùnní lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Kí Sátidé tó pé, a lọ sọ́dọ̀ físíò, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ iṣan aláìsàn níṣẹ́ padà. Ọ̀dọ́bìnrin ni. Ó to kọ́kọ́rọ́, ṣíbí, ife àti kóòmù sórí tábìlì, ó ní kí ọkọ mi kó gbogbo rẹ̀ fún òun. Ó kó èyí tó wà lọ́tùn-ún, ó ní ó tán. Ife àti kóòmù ṣì wà níbẹ̀ lápá òsì.

"Mọ́mì, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa ń jókòó sí?"

"Òsì. Ibẹ̀ ló ń dùn ún."

"Wọn ò tíì rí yín láti ìgbà náà nìyẹn, mà."

Ó ṣàlàyé pé ojú rẹ̀ ò fọ́, etí rẹ̀ ò di. Ọpọlọ tó fara pa ni kò ka apá òsì kún mọ́. Àìkíyèsí apá kan ni ẹ lè pè é. Oúnjẹ tó ń ṣẹ́ kù, kò rí i ni. Ohùn mi tó ń gbọ́, ó rò pé ọ̀tún ló ti ń wá. Ó ní àìsàn yìí tún máa ń mú kí ẹkún yá èèyàn, torí ibi tó ń kó ẹkún níjàánu nínú ọpọlọ ò lágbára mọ́. Mo ní ṣé irọ́ wá ni ẹkún tó ń sun fún ewúrẹ́? Ó ní rárá mà, wọ́n nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ lóòótọ́. Mi ò bi í ní tìfẹ́ ṣá.

Ó ní ohun tí ọkọ mi fẹ́ràn láti máa wò jù la máa fi fa ojú rẹ̀ lọ sápá òsì. Ó ní kí ni nǹkan náà? Ó ń wò mí, bóyá ó rò pé màá ní èmi ni. Mo ní, "Ewúrẹ́ ni."

Báyìí ni Àdùnní ò ṣe lọ sí Àgbàdo mọ́. Físíò ní témi náà bá fẹ́ kó máa rí mi, kí n bọ́ sápá ọ̀tún ná. Mo kọ̀. Mi ò ní lọ jókòó sí ipò ewúrẹ́. Tí ọkọ mi bá máa wò mí, kó wá mi dé ibi tí wọ́n fi mí sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, mà.

A so Àdùnní mọ́ ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, a sún un sídìí ẹsẹ̀, a tún ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi lápá òsì. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọrùn ń ro ọkọ mi, orí ń fọ́ ọ, ó ń bínú. Á yí ojú dé àárín, á dá a padà. Èmi àti ewúrẹ́ wá jọ jókòó, mo di okùn rẹ̀ mú, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, ó ń ké, ọkọ mi ń wá a níbi tí kò sí. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣàánú Àdùnní. Òun náà ti di ẹni tí wọn ò rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, Àdùnní ké. Orí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó dé àárín, mo rò pé á padà, kò padà. Ojú rẹ̀ ń wá ilẹ̀, ó ń wá ewúrẹ́, ó kan orúnkún mi, ó gòkè wá sójú mi, ó dúró.

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "Ìgbà wo lo dé?"

Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti dé."

Ó bú sẹ́kún. Mo wo Àdùnní kó lè rí i pé èmi ni wọ́n ń sun ún fún, èèpo ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ.

Mo nu ojú ọkọ mi, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Mi ò fẹ́ kó rí ojú mi. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ páànù. Àdùnní wọ́ okùn rẹ̀ tẹ̀ lé mi, ó gbé àgbọ̀n lé mi lórókún bó ṣe máa ń ṣe fún un, ó ń mí sí mi lọ́wọ́. Èémí rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àyà rẹ̀ ń lù lára ẹsẹ̀ mi. Mo dì í mọ́ra pẹ̀lú òórùn rẹ̀ yẹn, mo sun ẹkún tí mi ò rí sun láti ọjọ́ tí fídà ti jábọ́. Kò kúrò títí mo fi ṣe tán. Ó wá yé mi ohun tí ọkọ mi ń rí gbà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó ń lo oògùn rẹ̀ lójú mi. Ọwọ́ òsì ò tíì lágbára tó ọ̀tún, bóyá kò ní tó o mọ́. Tó bá jẹun dé ìdajì, á fúnra rẹ̀ yí àwo kí ìdajì tó kù lè bọ́ sápá ọ̀tún. Mo ti kọ́ pé ara lè gbàgbé apá kan ara rẹ̀ láìsí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kó má sì mọ̀ pé òun gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí kò wò yín, kó tó di pé ẹ̀yin náà ń jowú, ẹ bi dókítà léèrè apá ibi tó ń ríran dé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ físíò yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́ náà, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Apá òsì ni mo ṣì ń jókòó sí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi á rọra yí orí rẹ̀ wá, á wá mi títí á fi rí mi, kó tó dáhùn. Àdùnní lè máa gba ọ̀tún.